Ìgbà Tí Wọ́n Gbé Ọjà Wa Kúrò Láàárín Ìlú

Èmi ni mo ka lẹ́tà náà sí ìyá mi létí. Ọdún 2018 ni. Mo wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama àgbà. Ìyá mi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà, nítorí náà, bí ìwé kan bá ti wọlé, èmi ni wọ́n máa ń pè. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ààrò, mo kà á fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ọlọ́jà tó ń tajà láàárín ìlú, láti iwájú ààfin títí dé ìkóríta, gbọ́dọ̀ kó lọ sí ọjà tuntun tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú kí oṣù tó parí. Ẹni tó bá tètè san owó ìsọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ yan ibi tó bá wù ú.

Ìyá mi wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lo rí sí i?"

Mo ní kí wọ́n lọ. Mo ní ibẹ̀ mọ́ tónítóní, páànù wà lórí gbogbo ìsọ̀, òjò kò ní pa wọ́n mọ́, oòrùn kò sì ní pa ata wọn. Mo ní ẹni tó bá tètè dé ibi ìjẹun ni ọbẹ̀ máa ń kàn. Mo sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó kàwé, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Owó àjọ tí wọ́n ti ń dá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èyí tí wọ́n ní lọ́kàn láti fi pamọ́ de owó ìdánwò WAEC mi, ni wọ́n lọ fi gba ìsọ̀ lọ́jà tuntun. Ìyá mi wà lára àwọn mẹ́wàá tó kọ́kọ́ san owó.

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ sọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣì í, àwọn mìíràn tí wọ́n jù mí lọ pátápátá sì ti ṣì í níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìlú kékeré kan ni ìlú wa, lójú ọ̀nà tó ti Ìlaró lọ sí Ayétòrò, nílẹ̀ Yewa tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1995. Bí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, iwájú ààfin ni ọjà wa wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà Akẹ̀sán ṣe wà nítòsí ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Àwọn baba wa kò ṣèèṣì fi ọjà síbẹ̀. Ẹni tó bá wá kí ọba yóò ra nǹkan lọ sílé, ẹni tó bá sì wá ra nǹkan yóò gbọ́ ìròyìn ìlú. Igi ọdán méjì ló wà láàárín ọjà náà. Abẹ́ èyí tó tóbi jù ni ìyá mi ń pàtẹ sí, ìyá tó bí wọn sì ti pàtẹ síbẹ̀ rí.

Ata ni wọ́n ń tà: ata rodo, tàtàṣé, ṣọ̀ńbọ̀, pẹ̀lú tòmátì àti àlùbọ́sà. Alápatà wà lápá ọ̀tún wọn. Bàbá Ẹlẹ́rọ tó ń lọ ata wà lẹ́yìn wọn, ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi láti ìyálẹ̀ta. Gáréèjì wà ní òdìkejì títì, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti abúlé bọ̀ ti ń já èrò. Bí ìyàwó ilé kan bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ tí yóò fi ra ata, tí yóò fi ra ẹran, tí yóò fi lọ ata náà, tí yóò sì kọrí sílé.

Ní gbogbo ọrọọrún, tí ọjọ́ ọjà bá pé, ojú ọjà kì í gbẹsẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ á kó gàrí, láfún, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ dé. Àwọn oníbàárà á ti Èkó wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ará Kétu tí wọ́n wà lápá orílẹ̀-èdè Benin á wá, àwọn Ẹ̀gùn náà á wá. Èdè á dàpọ̀ mọ́ èdè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè èènì.

Kò yẹ kí n parọ́ mọ́ àwọn tó gbé ọjà náà kúrò. Ìdí wà. Títì tó gba àárín ọjà kọjá tóóró, àwọn ọkọ̀ tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì àti ẹrù mìíràn sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ ọjà kan, bíréékì ọkọ̀ kan já, ó sì já wọ àárín àwọn aláṣọ. Ọlọ́run ló ní kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n obìnrin kan ń tiro títí dòní. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wa la gbà pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ yí padà. Ibi tí wọ́n gbé e lọ, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e lọ, ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọjà tuntun náà rẹwà lóòótọ́. Ìsọ̀ kọ́ńkéré ni, wọ́n tò wọ́n bí eyín. Omi ẹ̀rọ wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, géètì ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, lémọ́ọ̀mù gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà, àwọn ìlù dún. Ṣùgbọ́n ilé tó parí ìlú jìnnà sí i, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti ìkóríta yóò lo tó ìdajì wákàtí kó tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn onílù ti lọ, ìyá mi pàtẹ ata, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo géètì.

Ata kì í dúró de oníbàárà. Ẹni tó ń ta aṣọ lè ká a kó sínú àpò, kó tún tú u lọ́la. Ẹni tó ń ta ìkòkò lè dúró títí oṣù yóò fi lé. Tòmátì tí ẹ bá rà ní agbọ̀n lọ́jọ́ Ajé, bó bá di Ọjọ́rú, omi á ti máa jò lábẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, a jẹ ọbẹ̀ ata títí ó fi sú wa. Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sá tàtàṣé lórí àpò lẹ́yìnkùlé wa. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n ń da tòmátì nù.

Nígbà ìsinmi, mo lọ jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní Kọ́mẹ́ẹ̀sì ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ òwò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kà, nítorí náà mo mú èédú, mo ń fa ìlà sára ògiri fún gbogbo ẹni tó bá ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ìlà mọ́kànlá péré ni mo fà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ọlọ́jà bíi tiwa, tí wọ́n ń rajà lọ́wọ́ ara wọn nítorí àánú.

Nígbà tí a ń darí lọ sílé, a gba ìkóríta kọjá. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí eéṣú. Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ ìyá mi láti kékeré, gbé àtẹ rẹ̀ sórí páńkó tó fi bo gọ́tà, ó gbé iná tọ́ọ̀ṣì kọ́, ó ń ta ata bí ẹni ń ta omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò kó lọ. Ó ní òun kò ní fi oníbàárà sílẹ̀ lọ bá páànù. Ìyá mi kò kí i, òun náà kò kí ìyá mi. Láti ọjọ́ náà ni àárín wọn ti dàrú.

Èyí ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò wa, lọ́wọ́ ìyá àwọn ọ̀rẹ́ mi, lọ́wọ́ àwọn tíṣà wa: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ẹ kì í ná ọjà tuntun?" Kò sí ẹni tó sọ pé ibẹ̀ kò dára.

Ìyá kan dá mi lóhùn pé, "Ata ọgọ́rùn-ún náírà ni mo fẹ́ rà. Ọ̀kadà àlọ, àádọ́ta náírà. Ọ̀kadà àbọ̀, àádọ́ta. Ṣé ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sè ni, àbí ọlọ́kadà ni mo fẹ́ bọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò ṣòro. Nígbà tí ọjà wà láàárín ìlú, ata ₦100 náà, ₦100 ni. Lọ́jà tuntun, ó ti di ₦200, ìyá mi kò sì fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Tíṣà kan sọ pé òun kò fìgbà kan rí lọ sí ọjà àtijọ́ ní ti pé òun dìde nílé láti lọ sọ́jà. Ó ní bí òun bá ti ń ti iléèwé bọ̀, ọjà wà lójú ọ̀nà, òun á sì rà. Ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó, mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ni fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Àyàfi lọ́jọ́ ọjà, kì í ṣe ọjà ni àwọn èèyàn ń lọ. Ilé ni wọ́n ń lọ. Bàbá àgbà mi máa ń sọ pé nígbà tí rélùwéè dé Ìlaró àti Ìdógò, ní nǹkan bí ọdún 1930, ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti dúró ni àwọn aláàtẹ ń sáré gbé àtẹ lọ. Wọn kò retí kí èrò inú ọkọ̀ wá bá wọn nílé. Ẹsẹ̀ èèyàn ni ọjà ń tẹ̀lé. A ti wá fẹ́ kí ẹsẹ̀ èèyàn máa tẹ̀lé ọjà.

Ẹlòmíràn ní, "Bí mo bá ra ata níbẹ̀, ta ni yóò bá mi lọ̀ ọ́?" Òótọ́ ni. Bàbá Ẹlẹ́rọ kò kó lọ, nítorí kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, owó díísù sì ti gbówó lórí. Alápatà kò lọ, nítorí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù kò kúrò lápá ọ̀hún. Àwọn tó ń ta ẹja gbígbẹ pín sí méjì. Ọjà dà bí ọbẹ̀: ẹ kò lè gbé iyọ̀ sínú ìkòkò kan kí ẹ gbé epo sínú òmíràn, kí ẹ ní ọbẹ̀ ló wà lórí iná.

Àwọn ọlọ́jà tó kù ní àwọn ń dúró kí oníbàárà pọ̀ lọ́hùn-ún kí àwọn tó kó lọ. Àwọn oníbàárà ní àwọn ń dúró kí ọlọ́jà pọ̀ lọ́hùn-ún kí àwọn tó máa lọ. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn bí àwọn tó pàdé lórí afárá olópòó kan. Láàárín wọn ni ìyá mi jókòó sí.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹni tó gbọ́ràn ló ń jìyà. Bí gbogbo ọlọ́jà bá jọ kó lọ lọ́jọ́ kan náà, oníbàárà kò ní ibòmíràn tí yóò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan lọ tí àwọn kan dúró, oníbàárà àwọn tó lọ di ti àwọn tó dúró. Àwọn tó ń lé ọlọ́jà kúrò lójú títì a máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sán ni wọ́n máa ń wá, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo àtẹ á ti padà sípò. Lọ́jọ́ kan tí ara kò gba ìyá mi mọ́, wọ́n gbé abọ́ ata kan, wọ́n yọ́ lọ jókòó sí ìkóríta. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n wá. Wọ́n da ata náà sínú gọ́tà, wọ́n sì gbé abọ́ lọ. Ìyá mi kò sunkún. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n jókòó sórí àpótí ẹ̀bá ààrò níbi tí mo ti ka lẹ́tà fún wọn. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n bá mi wí. Wọn kò bá mi wí.

Àwọn kan ní ààlà ló fà á. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ààlà ilẹ̀ wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ibùdó epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Ẹni tó bá ń gbé nílẹ̀ Yewa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Owó ọkọ̀ lọ sókè, ará Kétu kò rí ọ̀nà wá mọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ Èkó sì dín kù. Lóòótọ́, ó dín ọjà kù níbi gbogbo. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ààlà, Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ọjà wa tuntun ti ṣófo fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó ti ààlà. Àti pé ààlà kan náà tí wọ́n tì mọ́ ìyá mi ni wọ́n tì mọ́ Ìyá Ìbejì, síbẹ̀ Ìyá Ìbejì ń tà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá tíṣà wa. Ó ní kì í ṣe ìlú wa nìkan. Ó sọ fún wa nípa Òṣòdì ní Èkó, níbi tí ìjọba ti wó ọjà Owónífàrí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016 láti kọ́ ibùdókọ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà kó lọ sí ọjà Ìsọ̀pákódòwò ní Bọ́ládé. Lójú àwòrán ilẹ̀, kò jìnnà rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rìn ní Òṣòdì mọ̀ pé ojú ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò ni owó wà, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló sì kọ̀ láti lọ. Ó tún sọ ti Tẹ́júoṣó ní Yábàá. Iná jó ọjà náà ní oṣù kejìlá ọdún 2007, wọ́n tún un kọ́ di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá tí wọ́n ṣí ní 2014. Níbẹ̀, ọjà kò kúrò lójú kan náà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, nítorí owó tí wọ́n dá lé e ju agbára àwọn tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí a lè sọ ni pé a lè gbé ọlọ́jà jìnnà láìjẹ́ pé a gbé ọjà rìn ní ìṣísẹ̀ kan.

Mo béèrè pé, "Ṣé kò wá sí ọjà tí wọ́n gbé tó yọrí sí rere ni, sà?" Ó ní ó wà, kí n wo Bódìjà ní Ìbàdàn. Ní 1987 ni wọ́n kó àwọn olóúnjẹ kúrò ní ọjà Oríta Mẹ́rin lọ sí Bódìjà. Lónìí, ta ló ń sọ pé Bódìjà kò kún? Ẹ̀wà, iṣu, ata, ẹran, pákó, kí ni kò sí níbẹ̀? Títì tó gba ẹnu ọjà náà ló lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn àti Òjóò, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti òkè ọya bọ̀ sì ní ibi tí yóò já ẹrù rẹ̀ sí. Nígbà tí ẹrù bá ń sọ̀ níbì kan, alágbàtà gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀. Nígbà tí alágbàtà bá wà níbẹ̀, oníbàárà á tẹ̀ lé e. Ní ìlú tiwa, ọkọ̀ àwọn àgbẹ̀ ṣì ń já ẹrù sí gáréèjì àtijọ́. Ìyá mi gan-an, láàárín ìlú ni wọ́n ti ń ra ata tí wọ́n ń gbé lọ sí ọjà tuntun!

Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo rí àṣìṣe mi kedere. Nígbà tí mo ń ka lẹ́tà, ilé ni mo rí: páànù, kọ́ńkéré, omi ẹ̀rọ. N kò rí ọ̀nà. N kò bi ara mi pé ta ni yóò gba iwájú ìsọ̀ ìyá mi kọjá, láti ibo, àti lọ sí ibo.

Ní ìparí ọdún 2019, àkókò ìforúkọsílẹ̀ WAEC dé. Owó kò sí. Ìyá mi ti ta ìró méjì nínú aṣọ tí wọ́n fi ṣègbéyàwó, kò sì tó. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí orúkọ parí, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa lálẹ́. Ìyá Ìbejì ni. Ó jókòó, kò gba omi, kò gba àga tí mo gbé fún un, orí ẹní ló jókòó sí. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó ka owó náà sílẹ̀, ó sì ní, "Ìyá ọmọ, mo gbọ́ pé wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ níléèwé. Tí o bá rí i, kí o fún mi. Tí o kò bá rí i, ọmọ mi náà ni." Àwọn méjèèjì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi ní, "Àwọn oníbàárà mi ńkọ́?" Ìyá Ìbejì ní, "Mo ń bá ọ tọ́jú wọn." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí àrùn kòrónà jẹ́ kí a rí àyè ṣe ìdánwò náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, owó Ìyá Ìbejì ni mo fi wọ gbọ̀ngàn.

Láti inú ìlàjà yìí ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi àti Ìyá Ìbejì jọ lọ bá Ìyálọ́jà. Ìyálọ́jà pe àwọn olórí awakọ̀, ó pe àwọn alápatà, ó pe Bàbá Ẹlẹ́rọ. Wọn kò fi ọ̀ràn náà ṣe ti ìjà. Wọ́n fẹnu kò pé lọ́jọ́ ọjà nìkan, ní gbogbo ọrọọrún, ọkọ̀ kankan tó bá ti abúlé kó ẹrù bọ̀ kò gbọ́dọ̀ já a sí àárín ìlú mọ́, ọjà tuntun ni kó já a sí. Àwọn ọlọ́kọ̀ gbà, nítorí àyè wà níbẹ̀ láti yí ọkọ̀ po. Àwọn alápatà gbà láti gbé ẹran wá lọ́jọ́ náà. Bàbá Ẹlẹ́rọ gbé ẹ̀rọ kékeré kan lọ.

Lọ́jọ́ ọjà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpàdé yẹn, èrò wá díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, ẹ kò ní rí ibi fi ẹsẹ̀ lé. Ìyá Ìbejì gba ìsọ̀ tó kàn ti ìyá mi.

N kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ọjà tuntun ṣì dákẹ́, ewúrẹ́ sì ń sùn nínú ìsọ̀. Ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, iwájú ilé wa ni ìyá mi ń pàtẹ sí. Ìkóríta náà ṣì ní àwọn tó ń tajà lálẹ́, tírélà sì ṣì ń kọjá. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí fún wọn. Ìdí tí wọ́n fi gbé ọjà náà kúrò kò tíì tán.

Ṣùgbọ́n mo rò pé a ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọjà, kó kọ́kọ́ gbé gáréèjì. Kó jẹ́ kí alápatà, ẹlẹ́rọ àti alátà jọ kó lọ lọ́jọ́ kan náà. Kó má gba owó ìsọ̀ títí oníbàárà yóò fi mọ ọ̀nà. Kó wá ibi kékeré kan tí kò léwu sílẹ̀ láàárín ìlú fún àwọn tó ń ra ata ọgọ́rùn-ún náírà nígbà tí wọ́n bá ń darí sílé, nítorí ebi alẹ́ kò mọ òfin. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó pe àwọn ọlọ́jà jókòó kó tó da bíríkì àkọ́kọ́. Àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti kọ́ ọjà ńlá sí Akassato fún àwọn tó ń tajà lápòlápò ní Dantokpa, ní Kútọnu. Mo ń gbàdúrà pé kí ọ̀nà àti ọkọ̀ ṣáájú àwọn ọlọ́jà dé ibẹ̀.

Ní tèmi, ohun kan ni mo ti yí padà. Ìyá mi kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n ti jókòó lọ́jà fún ogún ọdún ó lé. Wọ́n mọ ẹni tó ń rà láàárọ̀ àti ẹni tó ń rà lálẹ́, wọ́n mọ ẹni tó ń san lójú ẹsẹ̀ àti ẹni tó ń gba àwìn títí oṣù yóò fi parí. Lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà yẹn, àwọn ló bi mí léèrè, èmi tí n kò mọ nǹkan kan sì dáhùn. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá tún dé, màá kà á fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá pa á dé, màá sì bi wọ́n pé, "Màmá, kí lẹ rí sí i?"